Ìbọn Nínú Àgọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a yanjú kí àkókò ìsinmi ilé ìwé tó dé. Àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé kí a máa kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ pàgọ́ sínú igbó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n lè mọ orúkọ igi àti ewé, kí wọ́n mọ bí a ti ń dá iná àti bí a ti ń wo ojú ọ̀run, kí wọ́n sì mọ bí ènìyàn ti ń bá ẹnì kejì rẹ̀ gbé láìsí iná mànàmáná àti ẹ̀rọ alágbèéká. Kò sí ẹni tí ó tako àbá náà. Ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ìbéèrè àwọn òbí: nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ni yóò wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ó kó ọmọ wọn lọ? Àwọn kan ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìbọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí àwọn tí ó dàgbà nínú àwọn ọmọ náà pàápàá di ìhámọ́ra. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà ìlú tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ni ó mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi kò bá tiwọn mu. Mo gbà pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sùn nínú àgọ́ náà má ṣe ní ìbọn lọ́wọ́, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe ọmọ. Ẹ fún mi ní àyè kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé mo jẹ́ àlùfáà ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ewu kò sí. Ewu wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ tí Olóyè Olú Fálaè, ẹni tí ó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ rí, pé ẹni ọdún 77 gan-an, àwọn ajínigbé wọ inú oko rẹ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé e lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní ilẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn lójú ọ̀nà ní Èmùré. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí tí àyà rẹ̀ kò sì já, bóyá kò tíì bímọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ohun tí ó kù fún wa ni láti mọ ibi tí ọgbọ́n wà nínú ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn oníṣẹ́ ibi náà ti ń ṣe. Wọn kì í sábà dá wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wá ní wákàtí tí a ń retí wọn. Àwọn ni wọ́n ń yan ibi, àwọn náà ni wọ́n ń yan àkókò. Ìbọn tí ó máa ń wà lọ́wọ́ wọn a máa yọ ọta léraléra. Ṣakabùlà tí púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ wa ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń dún. Bí ó bá ti dún tán, ẹni tí ó mú un ní láti dúró kí ó tún ki ẹ̀tù, kí ó fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó sì tún da ọta sí i. Ta ni yóò fún un ní àyè bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan tí ó ti fi gbogbo ọ̀sán rìn kiri pẹ̀lú ogójì ọmọ, tí ó dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, tí àwọn ajínigbé sì ká mọ́ inú àgọ́ ní aago méjì òru. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Awò ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa tá ràrà wá. Kí ó tó rí ìbọn, ìbọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbẹ̀rù tí ó sì wà nínú àgọ́ náà ti di ìlọ́po méjì, nítorí pé ajínigbé tí ó bá rí ìbọn kì í dúró béèrè ẹni tí ó ni ín.

Ìtàn kan wà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àwọn tí kì í ṣe Kristẹni láàárín wa yóò dárí jì mí bí mo bá mú un wá síhìn-ín, nítorí pé ìtàn àgọ́ gan-an ni. Sọ́ọ̀lù ọba jáde láti lépa Dáfídì, ó sì kó 3,000 àṣàyàn ọmọ ogun lẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dùbúlẹ̀ sí àárín wọn, ó gún ọ̀kọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ̀, ìgò omi rẹ̀ sì wà nítòsí. Ábínérì olórí ogun kò jìnnà sí i. Ní òru, Dáfídì àti Ábíṣáì rìn wọ àárín gbogbo wọn, ẹnì kan kò sì jí. Ábíṣáì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun fi ọ̀kọ̀ gún ọba mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun kì yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ohun ìjà tí Sọ́ọ̀lù gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀ kí ó lè gbà á, ìgbèrí rẹ̀ náà ni ọ̀tá rẹ̀ ti bá a, ọ̀wọ̀ tí Dáfídì sì ní fún ẹni tí a fi òróró yàn nìkan ni ó yọ ọ́. Wọ́n mú ọ̀kọ̀ náà lọ pẹ̀lú ìgò omi. Nígbà tí Dáfídì dúró lórí òkè kejì tí ó ń pe Ábínérì, kò bá a wí pé kò ní ohun ìjà. Ohun ìjà kún ibùdó náà. Ohun tí ó bá a wí sí ni pé kò ṣọ́ olúwa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọgbà Gẹtisémánì. Idà méjì wà láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n máa ṣọ́nà, òun gan-an ni wọn kò ṣe. Nígbà tí Pétérù sì ta gìrì tí ó fa idà yọ, etí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni ó rí gé. Apẹja ni, kì í ṣe ológun. Etí Málíkọ́sì yìí a máa wá sí ọkàn mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń yangàn pé bí òun bá ti ní ìbọn, kò sí ẹni tí ó lè wọ àgọ́ òun.

Mo ti rí irú rẹ̀ lójúkorojú. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré, a kó ọmọ 36 lọ pàgọ́ sí ẹ̀bá odò kan. Bàbá ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́rọ̀ ènìyàn, rán ọkùnrin kan tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí ó máa ṣọ́ ọmọ òun. A kò lè kọ̀ fún un, nítorí òun ni ó yá wa ní mọ́tò. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ní òru kẹta, inú rírun mú ọmọ kan, ó sì jí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó sin òun lọ sí ẹ̀yìn igbó. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọn kò tan tọ́ọ̀ṣì nítorí pé òṣùpá mọ́lẹ̀. Olùṣọ́ wa tí oorun ti gbé lọ lẹ́bàá iná ta gìrì, ó rí òjìji méjì tí ń bọ̀, ó sì yìnbọn. Kò béèrè pé, "Ta nì yẹn?" Ọlọ́run ni ó yọ wá. Ọta náà fò kọjá lórí àwọn méjèèjì, ó ya ara àgọ́ tí àwọn mẹ́rin mìíràn sùn sí, ó sì lu ìkòkò ọbẹ̀ tí a gbé kọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn mẹ́rin náà jí, wọ́n rò pé ààrá ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ka ihò mẹ́sàn-án lára aṣọ àgọ́ náà, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ jù lọ kò sì ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí orí ẹni tí ó dùbúlẹ̀. A fi mọ́tò dá ọkùnrin náà padà fún ọ̀gá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Òru mẹ́ta tí ó kù, a pín ìṣọ́ láàárín ara wa láìsí ìbọn, a sì sùn dáadáa.

Ẹnì kan yóò wí pé, "Ṣé àwọn baba wa kì í sùn nínú igbó pẹ̀lú ìbọn ni?" Ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn? Àgbẹ̀ tí ó ń gbé abà, àdá àti ajá ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tí ó lè gbọ́ igbe rẹ̀ láti abà kejì. Ọdẹ ni ó ní ìbọn, a kì í sì í di ọdẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ a máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Yóò máa gbé àpò, yóò máa ru ẹran, kí a tó jẹ́ kí ó yin ìbọn fúnra rẹ̀. A ó kọ́ ọ pé a kì í yìnbọn sí ewé tí ń mì lásán, pé ohun tí a kò bá tíì rí ojú rẹ̀, ènìyàn lè jẹ́. Ọdẹ tí ó gbọ́n a máa jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ apá igbó tí òun ń lọ ní òru, kí wọ́n má baà ṣi ara wọn mú. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ yìí, àwa náà ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ọdẹ yìnbọn lu ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹran ni òun rí. Bí irú èyí bá lè ṣe ẹni tí ó ti fi ogún ọdún wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ni a ń retí lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò tí ó kọ́ ìbọn yíyìn ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá?

Òfin pẹ̀lú ní ohun tí ó sọ, ó sì yẹ kí àwọn olóyè tí ó wà láàárín wa mọ̀ ọ́n dájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Òfin ìbọn tí a ṣe ní 1959 ni ó ṣì wà lórí wa ní Nàìjíríà. Ó ka ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun léèwọ̀ fún aráàlú, àfi bí àṣẹ bá ti òkè pátápátá wá. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó kò ṣeé ní láìgba ìwé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí ó ti sọ ọtí di ọ̀gá. Àbá pé kí a kó ìbọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí ó tó di ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tàbí òmùgọ̀, ó ti lòdì sí òfin.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Òfin ìwà ọ̀daràn wa kò sọ pé kí ènìyàn káwọ́ lérí kí a máa pa á. Ẹni tí a kọlù láìṣẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi agbára tí ó tó gba ara rẹ̀. Bí ó bá sì ní ìdí tí ó yè kooro láti bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn, òfin kì yóò dá a lẹ́bi bí ẹni tí ó kọlù ú bá tilẹ̀ kú. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gba ara ẹni là kò sọ ìbọn tí kò ní ìwé di èyí tí ó ní ìwé, kò sì lè gba ẹni tí ó yìnbọn sí ọmọ tí ń ti ẹ̀yìn igbó bọ̀. Níwájú adájọ́, ohun tí a ó béèrè ni ohun tí ó rí àti ìdí tí ó fi bẹ̀rù. Òjìji kì í ṣe ìdáhùn.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa sọ fún wa pé lọ́dọ̀ àwọn, ènìyàn lè mú ìbọn lọ sí àgọ́. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2010 ni òfin wọn ti gbà pé kí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn ní ìpínlẹ̀ kan mú un wọ inú igbó ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, irú bí Yellowstone, níbi tí béárì pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹranko rí ní Alaska. Wọ́n kó ìṣẹ̀lẹ̀ 83 jọ, láàárín 1985 àti 2006, níbi tí ènìyàn ti fi ata lé béárì. Ata ni mo wí, ẹ̀yin ará, ata tí a rọ sínú agolo tí a sì ń fọ́n sí ẹranko náà lójú. Nínú 100 béárì aláwọ̀ ilẹ̀ tí a bá fọ́n ọn sí, a lè ka 92 tí yóò ṣíwọ́ ohun tí ó ń ṣe. Nínú gbogbo àwọn tí ó mú ata náà lọ́wọ́ ní ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí, 98 nínú 100 ni kò fara pa. Àwọn onímọ̀ kan náà tún ṣe àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ 269 tí ìbọn wà nínú rẹ̀, láti 1883 títí dé 2009, ohun tí wọ́n sì jẹ́ kí a mọ̀ ní 1912 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọdún, èyíinì ni 2012, ni pé yíyin ìbọn tàbí àìyìn ín kò mú ìyàtọ̀ wá sí iye àwọn tí ó fara pa nígbà tí béárì bá kọlù wọ́n. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Béárì a máa yára, àyà ènìyàn a máa já, ọta tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa tàsé, ṣùgbọ́n ìkùukùu ata gbòòrò. Mo mọ̀ pé ajínigbé kì í ṣe béárì, n kò sì sọ pé kí a máa gún ata rodo lọ sí àgọ́. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwọn tí ó ní ìbọn púpọ̀ ju àwa lọ ti wádìí ọ̀ràn náà, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ tí ń gbọ̀n ni ó ń pinnu, kì í ṣe bí ohun ìjà ti lágbára tó.

Ní ti àdá àti ọ̀bẹ, irinṣẹ́ ni wọ́n. Kò sí bí a ti lè pàgọ́ láìsí wọn. Kí a kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kí a sì kó wọn sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀ àti fèrè tí a so mọ́ ọrùn. Àwọn kan tilẹ̀ ti béèrè lọ́wọ́ mi nípa òǹdè. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń gbé wá sọ́dọ̀ àlùfáà.

Ẹ jẹ́ kí n sì fi kún un pé nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń kó ọmọ lọ sí igbó, ohun tí ó ń dà wá láàmú kì í ṣe ohun tí ìbọn lè lé. Oká tí ó ká ara rẹ̀ sábẹ́ ewé, ìjàlọ tí ó wọ inú àgọ́ ní òru, ẹ̀ka gbígbẹ tí ìjì já lulẹ̀, odò tí ó kún nígbà tí òjò rọ̀ sí òkè níbi tí a kò rí. Ẹni tí ó bá yan ibi àgọ́ dáadáa ti dín ìdajì ewu kù. Ìdajì kejì, ìṣọ́ ni.

Ọ̀gágun Baden-Powell tí ó dá ẹgbẹ́ Boy Scouts sílẹ̀, ẹni tí ó gbèjà ìlú Mafeking ní 1899 sí 1900, kò lè jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rù ìbọn. Nígbà tí ó kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní oṣù kẹjọ ọdún 1907 láti dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, ìṣọ́ òru ni ó fi lé wọn lọ́wọ́. Lálaalẹ́ ni ìsọ̀rí kan nínú wọn ń gba oúnjẹ tirẹ̀, tí ó ń lọ sí ibi tí a yàn fún un, tí ó sì ń ṣọ́ òru. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1915, púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti wọ aṣọ rẹ̀ rí. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá lè kọ́ láti jókòó ní òkùnkùn fún wákàtí méjì, kí ó máa fetí sílẹ̀, kí ó mọ ìró ẹsẹ̀ ènìyàn yàtọ̀ sí ìró ẹsẹ̀ ẹran, ó ti kọ́ ohun tí ó ju ìbọn yíyìn lọ.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ wa yóò bá kó ọmọ lọ, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyí. Kí a kọ́kọ́ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ náà, kí a sì gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ẹbí tí ó ni igbó. Àlejò tí ìlú mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò tí ìlú bá ní ẹ̀yìn oko. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ti ìṣáájú, agogo yóò dún. Lẹ́yìn èyí, kí a lọ bá olúọdẹ ìlú náà. Òun ni ó mọ ọ̀nà tí àjèjì ń gbà kọjá ní oṣù náà, òun ni ó mọ odò tí ó ṣeé sùn tì. Kí a fi tó àwọn Amọ̀tẹ́kùn létí pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ wa ti ṣí iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a gbà sínú rẹ̀, nítorí náà wọn kì í ṣe àlejò nínú igbó. Kí a má ṣe kéde ọjọ́ àti ibi tí a ń lọ kiri ìlú. Kí mọ́tò máa dojú kọ ọ̀nà ní gbogbo òru, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára ẹni tí ó wà lẹ́nu ìṣọ́.

Ẹnì kan nínú àwọn olóyè wa bi mí nígbà tí mo sọ èyí fún un pé, "Àlùfáà, ṣebí àwọn ọdẹ náà yóò mú ìbọn wá? Kí wá ni ìyàtọ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, mo sì gbà pé ìbọn yóò wà nítòsí wa. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tí ó jí ni yóò wà, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí ẹni tí ó sùn. Ọwọ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó mọ igbó náà, tí olúọdẹ lè pè níjà bí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́. Àwọn ọdẹ yóò wà ní ìta, wọ́n yóò sì mọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ lè gbà lọ sí ẹ̀yìn igbó. A ó fi àwọn ọmọ hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, a ó sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan sáàárín wa tí ẹni tí ń bọ̀ ní òru yóò máa pè. Ọkùnrin tí ó yìnbọn sí wa ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò ní èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí.

Ohun kan ṣì kù tí ó ṣòro fún mi láti sọ, nítorí pé mo fẹ́ kí àgọ́ yìí wà. Bí olúọdẹ bá wí fún wa pé igbó náà kò dára ní oṣù tí a ń wí yìí, a kì yóò lọ. A kì yóò sọ pé a ó mú ìbọn méjì kún un. Àwọn kan yóò pè wá ní ojo, àwọn ọmọ yóò sunkún, owó tí a ti san fún oúnjẹ yóò sì ṣòfò. Kí ó ṣòfò. Ibi tí ó bá nílò kí olùkọ́ di ìhámọ́ra kí ó tó lè sùn níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. A lè pàgọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìwé wa, a ó rí igi, a ó rí ìràwọ̀, a ó dá iná. Ọdún tí ń bọ̀ ṣì wà níwájú.

Ó di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Mo bẹ akápò wa pé kí ó bá wa ṣírò iye tí yóò ná wa láti san owó ọdẹ mẹ́rin fún òru mẹ́fà, kí ó sì ka oúnjẹ wọn àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì wọn mọ́ ọn.